Saul Steinberg, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ tó ti Romaníà wá: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ta ni Saul Steinberg?

Ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ni, ọmọ Júù tí wọ́n bí ní Romaníà, tó kàwé ní Ítálì, tó sì di ìlú-mọ̀ọ́ká ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1914 ni wọ́n bí i ní ìlú Râmnicu Sărat. New York ló kú sí ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, lẹ́ni ọdún 84. Fún ọdún tó lé ní 50, inú ìwé ìròyìn The New Yorker ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ya èèpo iwájú bí 90 fún wọn, àwòrán tó sì ya sínú ìwé náà lé ní 1,200.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára ni ti ìwé. Páṣípọ́ọ̀tù, físà, ìwé ẹ̀rí, òǹtẹ̀ ìjọba: díẹ̀ ló kù kí àwọn nǹkan wọ̀nyí gbẹ̀mí rẹ̀. Nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ wọn tán, ó sọ wọ́n di iṣẹ́ ọnà, ó sì ń fi wọ́n dá àrà títí ó fi dàgbà. Ìdí nìyí tí ìdáhùn mi nísàlẹ̀ yóò fi máa padà sórí ìwé ṣáá.

Ṣé ọmọ Romaníà ni ká pè é ni, àbí ọmọ Amẹ́ríkà?

Méjèèjì tọ́. Ọdún 1943 ló di ọmọ Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n Bucharest ló ti jẹ́ ọmọdé, ibẹ̀ ló sì ti dàgbà. Romaníà fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ ka ọ̀pọ̀ Júù rẹ̀ mọ́ ọmọ: òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1938 gba ẹ̀tọ́ ọmọ-ìlú lọ́wọ́ Júù tó lé ní 200,000. Bí Steinberg bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìlú tí wọ́n bí i sí, kì í fi ìbínú rẹ̀ pa mọ́. Síbẹ̀, nígbà tó ti wà ní òkè òkun, ó jókòó, ó ya àdúgbò Strada Palas tó ti ṣeré ní kékeré láti inú ìrántí. Èèyàn lè bínú sí ilé kó má sì gbàgbé ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà.

Irú ilé wo ló ti jáde?

Moritz, bàbá rẹ̀, jẹ́ oníṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti ìwé dídì kó tó wá ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe páálí ní Bucharest. Ọmọ ọwọ́ ni Saul nígbà tí ìdílé náà kó lọ sí olú ìlú. Rosa ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ó sì ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Lica.

Ẹ má fojú kékeré wo ilé iṣẹ́ páálí yẹn o. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti ń rí bébà aláràbarà, lébẹ́ẹ̀lì olómi wúrà, lẹ́tà ńláńlá tí wọ́n fi igi gbẹ́ fún ìwé títẹ̀, àti òǹtẹ̀ onírọ́bà. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kò kúrò lọ́kàn òun. Ẹni tó bá wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa yóò rí gbogbo wọn níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó lọ sí ilé ìwé Matei Basarab ní Bucharest, ó ṣe ọdún kan ní Yunifásítì Bucharest lórí ìmọ̀ ọgbọ́n orí àti lítíréṣọ̀, ó sì kọjá sí Ítálì ní 1933. Nǹkan ti ń le fún àwọn Júù ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Romaníà lásìkò náà.

Báwo ló ṣe wọnú iṣẹ́ àwòrán ẹ̀fẹ̀?

Iṣẹ́ ayàwòrán ilé ló lọ kọ́ ní Politecnico ti Milan. Kò kọ́ ilé kankan rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò ṣòfò, nítorí ibẹ̀ ló ti kọ́ bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣe lè dúró fún ògiri, fún òpópónà, fún odidi ìlú. Lára àwọn tó bá pàdé níbẹ̀ ni Aldo Buzzi, tó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí ọjọ́ ikú.

Ní 1936, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní yàrá kan lókè ọtí-bà tí wọ́n ń pè ní Il Grillo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwòrán fún Bertoldo, ìwé ìròyìn apanilẹ́rìn-ín kan ní Milan. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ kíá. Owó àwòrán yìí ló sì ń ná.

Kí ló dé tó fi sá kúrò ní Ítálì?

Ní 1938, ìjọba Mussolini gbé òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà jáde. Wọ́n ní kí àwọn Júù tó wá láti ìlú òkèèrè máa lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n jẹ́ kó parí rẹ̀. Ilẹ̀kùn àwọn ìwé ìròyìn tì mọ́ Steinberg lójú. Kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ sí àwòrán mọ́.

Ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1940. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ sí i. Orúkọ Vittorio Emanuele Kẹta ló wà lókè, ọba Ítálì, ọba Albania, olú-ọba Etiópíà. Lẹ́yìn gbogbo oyè wọ̀nyí ni orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n wá kọ ọ́ pé ẹ̀yà Júù ni. Ìwé tó yẹ kó fún un níṣẹ́ náà ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kà á pé kí wọ́n má gbà á. Bí mo bá rí àwọn ìwé ẹ̀rí àròsọ tó wá ń yà ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ìwé yìí ni ọkàn mi máa ń lọ sí.

Ní ìgbà ìrúwé 1941, wọ́n mú un, wọ́n sì kó o lọ sí àgọ́ ìhámọ́ ní Tortoreto, létí òkun ní ẹkùn Abruzzo. Nígbà tí ìwé tó fi máa rìn pé tán, wọ́n jẹ́ kó lọ. Ó gba Lisbon kọjá, ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní oṣù Kẹfà, ó sì gúnlẹ̀ sí Ellis Island níwájú New York. Wọn kò jẹ́ kó wọlé. Amẹ́ríkà ní iye ènìyàn tó máa ń gbà láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, ti Romaníà kéré jọjọ, ó sì ti kún. Ẹni tó bá ti dúró níwájú fèrèsé físà rí, tí wọ́n ní kó padà, yóò mọ bí ó ṣe rí lára. Wọ́n darí rẹ̀ sí Dominican Republic, ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Ciudad Trujillo nígbà náà, èyí tí í ṣe Santo Domingo lónìí. Ọdún kan gbáko ló fi dúró síbẹ̀.

Ṣé inú ìdúró yẹn náà ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún The New Yorker?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń yàwòrán ránṣẹ́ láti erékùṣù náà, Cesare Civita, ará Ítálì kan tó ti kó lọ sí New York, ló sì ń bá a tà wọ́n. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1941 ni àkọ́kọ́ jáde. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ máa ń pìtàn ẹ̀dá kan tí òkè rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹṣin. Nínú àwòrán Steinberg, akẹ́kọ̀ọ́ kan ya ẹ̀dá náà ní ìdàkejì: orí ẹṣin, ẹsẹ̀ ènìyàn. Ó wá ń bá olùkọ́ rẹ̀ jà pé ìdajì ènìyàn, ìdajì ẹṣin náà kúkú nìyẹn. Kò sí irọ́ níbẹ̀! Ohun tí òfin sọ ló yà.

Ìwé ìròyìn náà wà lára àwọn tó ṣe alátìlẹ́yìn fún físà rẹ̀. Ó wọ New York ní oṣù Keje ọdún 1942.

Ṣé lóòótọ́ ló ṣiṣẹ́ ológun?

Lóòótọ́ ni. Ọdún 1943, nígbà kan náà tó di ọmọ Amẹ́ríkà, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá kékeré nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Wọ́n rán an lọ sí Ṣáínà, lẹ́yìn náà ó dé Íńdíà, Àríwá Áfíríkà àti Ítálì. Ẹ̀ka tó ń fi ọ̀rọ̀ àti àwòrán ba ọkàn ọ̀tá jẹ́ ló bá ṣiṣẹ́ ní àwọn ibi tó gbẹ̀yìn yìí. Wọ́n ní ìwé ìròyìn kan, Das Neue Deutschland, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé àwọn ará Jámánì tó kórìíra Hitler ló ń tẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Steinberg ya àwòrán sí i. Àwọn àwòrán ìrìn àjò ogun rẹ̀ jáde nínú The New Yorker, wọ́n sì wà nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, All in Line, tó jáde ní 1945.

Ṣé ó níyàwó?

Ó fẹ́ Hedda Sterne ní 1944. Bucharest ni wọ́n bí obìnrin náà sí ní 1910, Júù bíi tirẹ̀, ayàwòrán gidi sì ni. New York ni wọ́n ti mọra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn máa pè é ní ìyàwó Steinberg. Nínú fọ́tò olókìkí tí ìwé ìròyìn Life gbé jáde ní 1951, ti àwọn ayàwòrán New York tí wọ́n ń pè ní Irascibles, òun nìkan ni obìnrin tó wà níbẹ̀. Tọkọtaya náà pínyà ní 1960, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ara wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin títí ikú fi dé. Hedda gbé ayé dé 2011, ó lé ní 100 ọdún.

Kí ló fi yàtọ̀ sí àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ yòókù?

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ máa ń ya èèyàn méjì, wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín sísàlẹ̀. Steinberg tètè jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Inú ìlà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ wà. Òun a máa pe ara rẹ̀ ní òǹkọ̀wé tó ń yàwòrán.

Ẹ jẹ́ ká mú The Line, tó ṣe fún ìpàtẹ Triennale ní Milan ní 1954. Bébà gígùn kan ni, wọ́n ṣẹ́ ẹ ní ìṣẹ́po, ó sì gùn tó mítà 10. Ọwọ́ kan mú kálàmù lápá òsì, ó fa ìlà tó tọ́. Ìlà yẹn kò já títí dé òpin bébà, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ń yí padà. Níbí, etí omi ni, òjìji ilé sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ rìn síwájú díẹ̀, ó ti di okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Ó tún di afárá tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá, ó di etí tábìlì, ó di ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá. Ayàwòrán kò yí ìlà náà sókè tàbí sísàlẹ̀ rárá. Ohun tó yà mọ́ ọn lára nìkan ló ń sọ ohun tó jẹ́. Mo ti fi han àwọn ọmọdé rí, wọ́n ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ, wọ́n ń pariwo ohun tuntun tí wọ́n bá kàn. Wọn kò nílò èdè kankan.

Kì í ṣe bébà nìkan ló ń yà sí. Ó ya ara obìnrin sínú báàfù ìwẹ̀, ó ya èèyàn sórí àga, ó sì ní kí wọ́n ya wọ́n ní fọ́tò. Ó mú bébà onílà kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán òpópónà, ó di ilé alájà gígùn olójú fèrèsé. Láàárín 1959 sí 1962, òun àti ayafọ́tò Inge Morath fi àpò bébà ṣe ìbòjú: Steinberg á ya ojú sí àpò, àwọn ọ̀rẹ́ á kó o sórí, Morath á ya fọ́tò. Ní àwọn ọdún 1970, ó ń fi igi gbẹ́ kálàmù, rúlà àti ìwé àkọsílẹ̀, á tò wọ́n sórí pátákó bí ẹni pé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ti ń dárúkọ ìwé àròsọ. Kí ni wọ́n gan-an?

Láti ìparí àwọn ọdún 1940 ló ti ń ṣe wọ́n: páṣípọ́ọ̀tù, ìwé ẹ̀rí, ìwé àṣẹ, lẹ́tà ìjọba, gbogbo wọn ayédèrú tí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìwé àfọwọ́kọ inú wọn lẹ́wà gan-an, ó ní ìrù, ó ní kọ́nú-n-kọ́họ, bí ìwé akọ̀wé kóòtù ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ kà á. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo níbẹ̀. Ọwọ́ ló ń jó lásán. Èdìdì ń bẹ, òǹtẹ̀ ń bẹ, ìbuwọ́lùwé ń bẹ, ohun tí ìwé náà ń sọ ni kò sí.

Lójú tèmi, èyí tó dára jù ni ti ìtẹ̀ka. Ìwọ̀nba kékeré ni, bíi fọ́tò páṣípọ́ọ̀tù. Èjìká wà níbẹ̀, kọ́là àti táì wà níbẹ̀, wọ́n dúró dáadáa bí wọ́n ṣe ní kéèyàn dúró níwájú ayafọ́tò. Níbi tó yẹ kí orí wà, ìtẹ̀ka dúdú kan ló wà, ìka ayàwòrán fúnra rẹ̀ tó fi íńkì tẹ̀. Ìjọba ní ìtẹ̀ka ni ẹ̀rí pé ìwọ ni ìwọ. Steinberg fún wọn ní ohun tí wọ́n béèrè, èèyàn sì ti di aláìlójú. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń rí i bí eré. Èmi kì í lè wò ó kí n má rántí Ellis Island.

Ó ń fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí wọ̀nyí bí ẹ̀bùn. Ìwé rẹ̀ The Passport, tó jáde ní 1954, kún fún wọn. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n máa gbẹ́ òǹtẹ̀ onírọ́bà fún un, ti èèyàn kéékèèké àti ti èdìdì róbótó. Á ya pápá gbalasa, á wá tẹ èdìdì ìjọba sójú ọ̀run, á di oòrùn.

Kí ni àwòrán Ninth Avenue tí gbogbo ènìyàn ń sọ?

Èèpo iwájú The New Yorker ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1976 ni. View of the World from 9th Avenue ni wọ́n ń pè é. Ẹ fojú inú wò ó: ìsàlẹ̀ bébà ni Ninth Avenue, òpópónà kan ní New York, ilé rẹ̀ ga, ọkọ̀ ń lọ, èèyàn ń rìn. Tenth Avenue tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà odò Hudson. Lẹ́yìn odò, New Jersey kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Gbogbo ìyókù Amẹ́ríkà jẹ́ pápá onígun mẹ́rin kan tó ní òkúta mélòó kan, wọ́n kọ Texas, Nebraska, Las Vegas sí i bí ẹni fọ́n wọn síbẹ̀. Òkun Pàsífíìkì fẹ̀ ju odò Hudson lọ ní ìwọ̀nba díẹ̀. Lókè pátápátá ni Ṣáínà, Japan àti Rọ́ṣíà wà, òkè mẹ́ta pẹ́pẹ́pẹ́. Áfíríkà kò sí níbẹ̀, nítorí ìwọ̀ oòrùn ni ó kọjú sí.

Àwọn ará New York rí ara wọn níbẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Láìpẹ́, ìlú káàkiri ayé ti ń ṣe tiwọn, wọ́n ń tà á ní pósítà, wọn kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Inú Steinberg kò dùn sí i. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àwòrán kan ṣoṣo yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wá fi mọ̀ ọ́n.

Ṣé lóòótọ́ ló gbé ilé iṣẹ́ fíìmù lọ sí kóòtù?

Columbia Pictures ni. Fíìmù wọn Moscow on the Hudson, tó jáde ní 1984, ní pósítà kan tó kọjú sí ìlà oòrùn: òpópónà New York nísàlẹ̀, òkun láàárín, Moscow lókèèrè. Steinberg pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 1987, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní New York dá a láre.

Gbogbo ayàwòrán ló yẹ kó mọ ìdí tí wọ́n fi dá a láre. Adájọ́ kò sọ pé Steinberg nìkan ló ni èrò pé kéèyàn fi ojú ará ìlú kan wo ayé. Èrò kì í ṣe ti ẹnì kan. Ṣùgbọ́n bí ilé ṣe rí, bí ọ̀ṣọ́ ara wọn ṣe rí, irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ orúkọ, bí wọ́n ṣe kun ojú ọ̀run: ìwọ̀nyí ni wọ́n kó. Wọ́n gbìyànjú láti sọ pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni àwọn fi ṣe. Adájọ́ ní rárá o, kì í ṣe Steinberg ni pósítà náà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣé àwọn mùsíọ́ọ̀mù ka iṣẹ́ rẹ̀ sí?

Wọ́n kà á sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ ibi tí wọn ó fi í sí. Museum of Modern Art ní New York fi iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìpàtẹ Fourteen Americans ní 1946. Ó ya àwòrán ògiri ńlá fún ilé Amẹ́ríkà níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Brussels ní 1958. American Academy of Arts and Letters fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní 1974, Whitney Museum sì pàtẹ iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀ ní 1978. Láàárín gbogbo èyí, kò dẹ́kun iṣẹ́ fún ìwé ìròyìn. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ òun máa dé ọwọ́ ẹni tó jókòó sílé tàbí sínú ọkọ̀.

Ṣé òun nìkan ni Romaníà ní?

Rárá o. Ẹ wá Ion Popescu-Gopo, tí wọ́n bí ní Bucharest ní 1923, tó kú ní 1989. Òun náà bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán ẹ̀fẹ̀ kó tó lọ sínú fíìmù alàwòrán. Ó dá ọkùnrin kékeré kan tó wà ní ìhòòhò sílẹ̀, tó máa ń mú òdòdó kan lọ́wọ́, ó sì fi í sọ ìtàn gbogbo ayé ní ìṣẹ́jú mélòó kan nínú Scurtă istorie. Fíìmù yẹn gba Palme d'Or, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún fíìmù kúkúrú níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé, ní 1957. Láti 2007, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àmì ẹ̀yẹ fíìmù tó ga jù ní Romaníà. Gopo dúró sílé lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì, Steinberg lọ. Àwọn méjèèjì sì yan àwòrán tí kò nílò ọ̀rọ̀.

Níbo ni n ti lè rí iṣẹ́ Steinberg?

The Saul Steinberg Foundation, tí a dá sílẹ̀ láti inú ìwé ìhágún rẹ̀, kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè wò ó lórí fóònù. Àwọn lẹ́tà àti ìwé rẹ̀ wà ní ilé ìkàwé Beinecke ní Yunifásítì Yale. Bó bá jẹ́ ìwé lẹ fẹ́ rà, The Labyrinth ti 1960 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti tún un tẹ̀, The Line sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí i sórí tábìlì tó fẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọmọdé tó bá wà nítòsí kọ́kọ́ wò ó.